Pátákó Ìwọ̀n Tí O Ní Kí N Kàn fún Àwọn Ọmọ Avrankou

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le ní Avrankou? Ṣé o ń jẹun dáadáa? Ṣé orí ilé tí wọ́n fún ọ kò jò? Ìyá rẹ ló ní kí n kọ́kọ́ béèrè gbogbo ìyẹn, torí ó ní tí mo bá ti wọ inú ọ̀rọ̀ tèmi báyìí, mi ò ní rántí òjò mọ́. Mo ti béèrè o. Àwa náà wà ní Dowa bí o ṣe fi wá sílẹ̀. Orúnkún òsì mi nìkan ló ń bá mi jà, a ó sì parí rẹ̀ láàárín ara wa.

O mọ̀ pé èmi kì í kọ lẹ́tà. Ara igi ni kíréyọ̀n mi ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá kí n lè sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì jẹ́ pé orúnkún ni mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí o fi ní kí n lọ rí dókítà. Nítorí náà, fara balẹ̀ kà á. Tí o bá rí ibi tí mo ti ń tako ara mi, má rò pé ogbó ló ń ṣe mí. Ọ̀rọ̀ náà ló rú mi lójú, ó sì ti ń rú mi lójú kí a tó bí ọ.

O ní kí n kan àga kékeré mẹ́fà fún ilé-ìwé àwọn ọmọ wẹẹrẹ tí ẹ ń tọ́jú níbẹ̀, kí n sì kan pátákó ìwọ̀n kan pẹ̀lú wọn, èyí tí ẹ ó máa tẹ́ àwọn ọmọ ọwọ́ sí láti mọ̀ bóyá wọ́n ń dàgbà bó ṣe yẹ. Àwọn àga ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Pátákó kò dé. O bi mí, mo ní igi kò tíì gbẹ. O tún bi mí, mo ní mo ń wá ìṣó. Irọ́ ni mo pa fún ọ, ọmọ mi. Igi náà ti gbẹ tipẹ́, ìṣó sì kún agolo lọ́dọ̀ mi níbí. Mi ò fẹ́ kàn án ni.

Mo rò pé n ó rí ọgbọ́n dá sí i títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi gbàgbé. Lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni o wá pè mí, ohùn rẹ sì ń dùn. O ní, "Bàbá, ìyá àgbà kan wà níbí tó ń bá wa ro ẹ̀kọ fáwọn ọmọ. Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí, mo dárúkọ yín fún un. Ó wá ní, 'Gbẹ́nàgbẹ́nà ti Dowa? Bá mi kí i. Sọ fún un pé mi ò gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.' Ìyá Sẹ̀nami ni wọ́n ń pè é. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo mẹ́nu ba orúnkún.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, bí mo bá mú òòlù, n ó gbé e sílẹ̀. Mo máa ń jókòó ní iwájú ilé, n ó máa tún ọ̀rọ̀ obìnrin náà sọ fún ara mi. Kò gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ mi. Iṣẹ́ méjì ni ọwọ́ mi ṣe fún un láyé yìí. Èwo nínú méjèèjì ni kò gbàgbé? Ṣé ó ń kí mi ni, àbí ó ń bú mi? Ìyá rẹ ní, "Bàbá Àṣàkẹ́, ẹni tó bá fẹ́ buni kì í ránṣẹ́ ìkíni." Mo ní, "Ìwọ kò mọ obìnrin náà." Ó ní, "Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí o fi iṣẹ́ rẹ ní Kútọnù sílẹ̀, tí o wá jókòó síwájú mi tí o ní o fẹ́ lọ ṣe bẹnẹfọ́ọ̀lù, mo bi ọ́ pé kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní èdè wa. O ní ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni. Mo pariwo lé ọ lórí. Mo ní ṣé torí kí o lè lọ máa nu imú ọmọ ọlọ́mọ ni mo ṣe rán ọ níwèé títí dé yunifásítì. O sunkún, ìyá rẹ kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin méjèèjì rò pé ìtìjú àwọn ará àdúgbò ló ń ṣe mí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí, mo wá fi ariwo bò ó. Èmi náà ti ṣe bẹnẹfọ́ọ̀lù rí, Àṣàkẹ́. Nígbà yẹn irun ṣì wà lórí mi, àyà mi sì wà níwájú ju ikùn lọ.

Agbẹ̀bí kan wà ní àdúgbò wa tí gbogbo wa ń pè ní dókítà. Ó ń kó àwa ọ̀dọ́ bíi mélòó kan jọ ní ọjọ́ ọjà, a ó jọ lọ sí àwọn abúlé tó yí Avrankou ká. Ó ní àwọn ọmọ kéékèèké ń rù níbẹ̀, àwọn ìyá wọn sì ń lọ sóko kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sẹ́ni tó ń wo ohun tí àwọn ọmọ ń jẹ. Ẹni tó gbọ́ èdè Gùn dáadáa nínú wa á máa bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan wà tó ń kọrin fáwọn ọmọ, tó ń kọ́ wọn ní orúkọ ìka wọn. Èmi kò mọ orin, mi ò sì mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n mo mọ igi. Dókítà fi àwòrán kan hàn mí nínú ìwé Faransé: pátákó gígùn kan, ibi kan dúró gbọin lókè fún orí ọmọ, òmíràn ń sún lọ sún bọ̀ nísàlẹ̀ fún àtẹ́lẹsẹ̀. Mo kàn án láàárín ọjọ́ méjì. Mo fi ìfági fá a títí ó fi dán. Inú mi dùn débi pé mo gbé e gba inú ọjà kọjá nígbà tí ọ̀nà mìíràn yá ju ìyẹn lọ, kí àwọn èèyàn lè bi mí pé kí ni mo gbé.

Ibi tí mo ti ṣe òmùgọ̀ la dé yìí, kà á dáadáa.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n mọ̀ mí sí nígbà náà, láti Dowa títí dé àwọn abúlé yẹn? Pósí ni. Àga àti ilẹ̀kùn ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n pósí mi ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn, torí ó máa ń mọ́ tónítóní. Bí èèyàn bá kú, wọn á ránṣẹ́ pè mí. N ó wọ yàrá, n ó fa mẹ́tà onígi mi tó ń ká yọ lápò ẹ̀yìn, n ó wọn òkú láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, n ó yọ kíréyọ̀n létí, n ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré, n ó sì jáde láìkí ẹnikẹ́ni, torí bí àwa gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń ṣe nìyẹn. Kò sí agbo ilé kan lágbègbè náà tí wọn ò tíì rí mi rí níbi tí mo ti ń ṣe é.

Èmi yìí kan náà ló wá dúró lábẹ́ igi máńgòrò ní ọjọ́ ọjà, tí mo ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n tẹ́ ọmọ wọn sórí pákó, kí ẹnì kan di orí mú, kí ẹnì kan di ẹsẹ̀ mú. Mẹ́tà kan náà ni mo tú. Kíréyọ̀n kan náà ni mo yọ létí. Ìwé kan náà ni mo ṣí. Àṣàkẹ́, kò wá sí mi lọ́kàn! Wọ́n lè bú mi títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò wá sí mi lọ́kàn ni.

Ìyá Sẹ̀nami ló ṣe ẹnì kẹta lórí ìlà. Ọmọdébìnrin tóun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ni nígbà yẹn, Sẹ̀nami sì ni àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ náà ti lé lọ́dún kan dáadáa, ṣùgbọ́n o lè gbé e lọ́wọ́ kan. Okùn pẹlẹbẹ aláwọ̀ mẹ́ta tí ẹ̀yin náà fi ń wọn apá ọmọ títí di òní, Dókítà ti fi í yí apá rẹ̀ ká, ó sì ti dúró lórí pupa, àmì pé ó ti rù kọjá ààlà. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ gbé e wá sí ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ìyá ọmọ náà gbà. Ó ku kí a wọn gígùn rẹ̀ ni. Mo tú mẹ́tà.

Ó di ọmọ náà mú mọ́ àyà. Ó ní, "Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo fẹ́ wọ̀n ọ́n ni."

Ó ní, "Ọmọ mi ò tíì kú. Ta ló ránṣẹ́ pè ọ́?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, tí mo bá lè rí ẹ̀rín yẹn gbà padà, n ó fi ọwọ́ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ gbà á. Mo yíjú sí àwọn yòókù, mo ní, "Ẹ gbọ́ o, ó rò pé pósí ni mo fẹ́ kàn!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tiwọn kò dé ojú. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí Ìyá Sẹ̀nami kúrò níbẹ̀. Ó tẹ́ ọmọ náà sórí pákó, ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo wọ̀n ọ́n, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ.

Kò gbé e wá sí Àjàṣẹ́. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, a kò rí i, a kò sì rí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù. Dókítà ní kí ẹnì kan lọ sí ilé rẹ̀. Èmi ni mo ní n ó lọ. Mo rìn dé ẹ̀yìn ọgbà wọn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń gún nǹkan nínú odó, ó sì ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo dúró síbẹ̀. Mo rò ó pé ó máa bú mi lójú gbogbo ilé. Mo padà. Mo sọ fún Dókítà pé mi ò bá ẹnikẹ́ni nílé.

Kò ju ọjọ́ ọjà mẹ́rin lọ lẹ́yìn ìyẹn tí ọkọ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, wọ́n fẹ́ gbé ọmọ wọn sínú pósí. Òun kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ mí ju gbẹ́nàgbẹ́nà lọ. Ó mú okùn ọ̀pẹ kan wá tí wọ́n ti fi wọ̀n ọ́n nílé, wọ́n ti ta kókó sí ibi tó parí sí. Mo gba okùn náà, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́tà, mo sì ṣí ìwé mi láti kọ ọ́. Ó ti wà níbẹ̀. Iye kan náà gẹ́lẹ́, ní ojú ìwé tí mo ti kọ orúkọ rẹ̀, Sẹ̀nami. Ọmọ náà kò fi nǹkan kan ga sí i láti ọjọ́ tí mo ti wọ̀n ọ́n.

Mo kàn án. Mo fá inú rẹ̀ bíi pé èèyàn máa fọwọ́ ra á. Iṣẹ́ kejì tí ọwọ́ mi ṣe fún obìnrin yẹn nìyẹn. Mi ò kan pósí mọ́ láti ọjọ́ náà, mi ò sì bá Dókítà jáde mọ́.

Ohun tó ń rú mi lójú nìyí. Nígbà mìíràn, mo máa ń rò pé mẹ́tà mi kò ṣe nǹkan kan, ebi àti ibà ló mú ọmọ yẹn lọ, apá rẹ̀ ti pupa kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn, mo máa ń rò pé tí mi ò bá rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ ì bá gbé e wá. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀rín yẹn kò jẹ́ nǹkan kan lójú mi, ẹ̀yìn ọgbà tí mo dúró sí ni mo máa ń rí. Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí n bínú sí obìnrin náà pé kí ló dé tó fi gba ẹ̀rù láyè, kí ojú sì tún tì mí pé mo bínú sí i. Mo ti gbé e yẹ̀ wò títí, kò dọ́gba níbì kankan. Ìwọ tí o kàwé, bóyá ìwọ lè rí i.

Mo fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn, torí iṣẹ́ bàbá nìyẹn. Àmọ́ kò dá mi lójú pé mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Èkíní. Kí o tó yọ ohunkóhun jáde lápò níwájú ìyá ọlọ́mọ, kọ́kọ́ jókòó tì í. Bi í pé kí ni nǹkan náà jọ lójú rẹ̀. Ohun tí ìwọ mọ̀ sí irinṣẹ́, òun lè ti rí i ní yàrá kan tí kò fẹ́ rántí. Má bá a sọ ọ́, jẹ́ kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Èkejì. Má fi ẹ̀rù ìyá ọmọ ṣe ẹlẹ́yà, àní bí ó bá pa ọ́ lẹ́rìn-ín gan-an. Jáde síta lọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n má tún jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ dá ọ dúró, torí apá ọmọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu. Bí mo bá mọ bí wọ́n ṣe ń bára mu, Àṣàkẹ́, èmi ni ǹ bá máa ṣe iṣẹ́ yẹn, ìwọ ì bá sì wà ní Kútọnù níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó dá mi lójú, òun nìkan sì ni. Tí ìyá ọmọ kan kò bá wá, lọ bá a. Wọlé. Má dúró sí ẹ̀yìn ọgbà. Tó bá bú ọ, gba èébú náà, kí o sì béèrè bí ọmọ ṣe sùn. Èébú Ìyá Sẹ̀nami kì bá tí pa mí lọ́jọ́ yẹn. Tí ẹsẹ̀ rẹ bá sì kọ̀ láti wọlé, sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ pé o kò lè wọlé, kí ẹlòmíràn lè lọ. Má sọ pé o kò bá ẹnikẹ́ni.

Èyí tó kàn, mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, ni ti ilé-ìwé tí ẹ ń pè ní màtẹnẹ́ẹ̀lì yẹn. Ìyá rẹ bẹ̀ ọ́ wò nígbà tó ń bọ̀ láti ọjà, ó sì wá ròyìn fún mi pé òun bá ọ lórí ẹní, o ń dún bí ewúrẹ́, àwọn ọmọ sì ń kó ewé fún ọ jẹ. Mo bi í pé ṣé o jẹ ẹ́. Ó ní o jẹ díẹ̀. Kò yé mi. Èèyàn tó gba ìwé ẹ̀rí, kí ló ń wá nínú kí ó máa jẹ ewé? Ìyá rẹ ní ọmọ kan wà níbẹ̀ tí kò tíì sọ̀rọ̀ rí láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti fi í sílẹ̀, òun ló sì ní, "Ewúrẹ́, jẹun." Kò tíì yé mi síbẹ̀, ṣùgbọ́n máa jẹ ewé náà lọ, kí o sáà fọ̀ ọ́.

O ní àwọn àga tí mo kàn ti ga jù, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ kò kan ilẹ̀, wọn kò sì lè jókòó jẹ́ẹ́. O ní, "Bàbá, ṣé ẹ wọ̀n ọ́n ṣá?" Mi ò wọ̀n ọ́n. Ojú lásán ni mo fi dá a. O kò rántí bẹ́ẹ̀dì rẹ? Láti kékeré ni o ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì tí bàbá rẹ kàn fún ọ gùn débi pé ẹlòmíràn lè sùn sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ láìjẹ́ pé o mọ̀. Bàbá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ máa ń gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n á fi kíréyọ̀n fa ìlà síbi tí orí wọn dé. O bẹ̀ mí pé kí n ṣe é fún ìwọ náà. Mo ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Mi ò lè tú mẹ́tà sí ara ọmọ mi, Àṣàkẹ́. Ọwọ́ mi kì í gbà á.

Ibi tí mo dé nìyẹn kí o tó pè mí lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí, mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan pátákó náà. Bóyá mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ mi ṣì rántí ni. Ó rántí. Mo parí rẹ̀ láàárọ̀ òní, mo gbé e kalẹ̀, mo sì jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ olè.

Àníkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, wá bá mi níbẹ̀. O mọ̀ pé ọmọ yẹn kì í béèrè àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kọ́kọ́ tẹ́ bèbí oníke rẹ̀ sórí pákó, ó fi èyí tó ń sún yẹn tì í lẹ́sẹ̀ títí bèbí fi jábọ́. Ó tún gbé e padà. Lẹ́yìn náà, ó gbé orí pákó lé àpótí, ó ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀ pẹ̀lú ìdí. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ó fi orí kan ibi tí orí ń kàn, láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ wò ó, mo gùn! Báwo ni mo ṣe gùn tó?"

Ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ń bi yín léèrè."

Mo ní, "Mi ò lè ṣe é."

Ó ní, "Ẹ wọ̀n ọ́n, Bàbá Àṣàkẹ́. Ó wà láàyè."

Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún burúkú yìí. Mo ti ìsàlẹ̀ pátákó náà títí ó fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ náà móoru, ó sì ń ta mí nípàá torí ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wọ̀n ọ́n. Mo sọ iye rẹ̀ fún un. Ó dìde, ó ní ṣé ó pọ̀, mo ní ó pọ̀ gan-an, ó sì sáré lọ sọ fún aládùúgbò. Kò sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, mo ń sunkún bí ọmọdé, ìyá rẹ sì ń gbálẹ̀ yí mi ká.

Nítorí náà, ohun tí o máa ṣe nìyí, mo sì rò pé òun ló tọ́. Tí pátákó bá dé, má tẹ́ ọmọ kankan sórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Gbé e sáàárín àwọn ọmọ, jẹ́ kí wọ́n fi ṣeré, kí wọ́n tẹ́ bèbí sí i, kí àwọn ìyá wọn sì máa rí wọn. Bóyá ohun tí ẹ ń fi eré ṣe níbẹ̀ nìyẹn, mi ò mọ̀. Mo ti lẹ ìwọ̀n mọ́ ara igi náà gan-an, kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti tú mẹ́tà.

Mi ò ní fi rán ẹlẹ́zẹ̀mì kankan lórí alùpùpù rẹ̀. Èmi ni n ó gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, n ó sì mú ayùn wá láti gé ẹsẹ̀ àwọn àga. Lọ́tẹ̀ yìí, n ó wọn ẹsẹ̀ àwọn ọmọ kí n tó gé e. Sọ fún Ìyá Sẹ̀nami pé mò ń bọ̀. Pátákó náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ gbé e lọ. N ó wọlé. N ó sọ fún un pé mo dé ẹ̀yìn ọgbà rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo sì padà, torí kò mọ ìyẹn. Tó bá ní òun kò fẹ́ rí pákó yẹn láàárín ọmọ, ẹ là á, kí ẹ fi dáná ẹ̀kọ, kí o má bá a jiyàn. Tó bá ní kò burú, bẹ̀ ẹ́ kí òun máa di orí àwọn ọmọ mú, torí ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn ìyá máa gbà gbọ́. Tó bá sì bú mi, lọ sínú ilé, kí o jẹ́ kí ó bú mi tán.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi kò dé, kí gbogbo ọmọ tí o bá gbé dàgbà kọjá ibi tí o wọ̀n wọ́n dé.

Bàbá rẹ ní Dowa.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Nígbà tí o bá wá sílé, má kọ́kọ́ lọ sí ilé ìdáná. Wá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, kí o na ẹsẹ̀, kí n wọ̀n ọ́. Mo fẹ́ kan òmíràn tó bá ọ mu.